Sìgá Tó Bọ́ Sábẹ́ Pákó

Láti ìgbà tí Syahrani ti kéde fún gbogbo ilé pé òun àti sìgá ti pínyà, kò sí oúnjẹ tí Rusminah sè tó bá a lẹ́nu mu mọ́. Bí ìrẹsì ò bá le jù, ọbẹ̀ á ṣàn jù. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ẹja gbígbẹ ló di ẹjọ́. Ó bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi owó rẹ̀ ra májèlé.

"Ṣé o tiẹ̀ tọ́ ẹja yìí wò kó o tó gbé e wá?"

"Mo tọ́ ọ wò. Nini náà jẹ nínú ẹ̀, wọ́n tún ní kí n bù sí i."

"Nini tí ò léyín. Kí ni wọ́n mọ̀ nínú ẹja?"

Láti orí ẹní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìdáná ni ìyá arúgbó náà ti dá a lóhùn. "Ahọ́n ni mo fi ń mọ iyọ̀, Syahrani. Eyín kọ́."

Rusminah yíjú sẹ́yìn kí ọkọ rẹ̀ má bàa rí ẹ̀rín tó fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Nini, ìyẹn ìyá àgbà, ni gbogbo ilé ń pè wọ́n; Nini Ijum ni ìyá tó bí Syahrani. Ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́. Orí ẹní yẹn ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kírun, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń lọ nílé àti níta. Ikọ́ wọn ló fa ọ̀rọ̀ sìgá. Dókítà obìnrin kan nílé ìwòsàn ìjọba gbé ẹ̀rọ lé wọn láyà, ó gbọ́, ó tún gbọ́, ó wá bi wọ́n léèrè pé láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń mu sìgá. Nini ní àwọn ò fi í kan ẹnu rí láyé àwọn. Dókítà bá gbójú sókè, ó wo Syahrani, tí páálí sìgá yọrí lápò ẹ̀wù rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n délé ni Syahrani kéde.

"Abah Laila," ni Rusminah wí, ìyẹn bàbá Laila, nítorí Laila lorúkọ ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó wà nílé kéwú ní ìlú Amuntai. "Ẹ fi ẹja sílẹ̀, ẹ jẹ ìrẹsì, kí ẹ mu tíì gbígbóná. Ebi kì í ṣe oògùn sìgá."

"Ta ló dárúkọ sìgá fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ ẹ̀ tán báyìí."

Ó dìde, ó ní òun ń lọ wá sípánà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe, àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà iwájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló gbà lọ. Rusminah gbọ́ tí ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀yìn ilé ìdáná dún. Ó ń nu ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fẹ́ fi pọ́n wadai, àkàrà aládùn tó ń tà láràárọ̀. Ó nù ú títí, kò gbúròó sípánà. Nígbà tó dìde láti gbé abọ́, ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ yára dún lórí pákó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọkọ rẹ̀ sì wọlé. Ó bu omi nínú ìkòkò, ó fi fọ ẹnu, ó tu ú gba ojú fèrèsé síta.

Bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni òórùn kànáfùrù tẹ̀ lé e. Kànáfùrù tí wọ́n ń pò mọ́ sìgá ní àgbègbè wọn kì í gbọ́ ti omi ìfọnu. Ó ti wọ ẹ̀wù, ó ti wọ irun. Rusminah gbójú sókè. Syahrani gbé tiẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun obìnrin náà, ó sì gbé e mì. Ìjà ti tó fún àárọ̀ ọjọ́ kan. Nini ń gbọ́. Yàtọ̀ sí èyí, àánú ọkọ rẹ̀ tún ṣe é díẹ̀, nítorí ó ti rí i ní ìdájí tó ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín ilé, tó ń fọwọ́ tẹ àpò tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, bí ẹni tó sọ ọmọ nù lọ́jà.

Syahrani dé fìlà, ó mú ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu odò pọ̀n. Kò mú sípánà kankan.

Orí òpó ni gbogbo ilé àdúgbò náà dúró sí, lẹ́bàá odò kékeré tó ya lára odò ńlá. Bí omi bá kún, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pákó. Bó bá fà, ẹrẹ̀ ló ń kù. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà mú débi pé ẹrẹ̀ abẹ́ ilé gbẹ, ó sán, gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ti ń tì sáàárín àlàfo pákó láti ọjọ́ pípẹ́ sì hàn síta: èèpo àgbọn, ọ̀rá kọfí, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ igi, àti ìdí sìgá, ìdí sìgá bí ìdin lára ẹran. Àwọn tó ń jù ú síbẹ̀ náà ló ń sọ̀kalẹ̀ láràárọ̀ láti pọn omi ìfọṣọ nínú odò kan náà. Ọkùnrin tí kò rówó ra ìrẹsì lọ́wọ́ Acil Mastora, àǹtí oníṣọ́ọ̀bù òdìkejì odò, á rówó ra sìgá ẹlẹ́yọ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ilé tí ọ̀ràn yìí ò dé, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fi bú ẹnìkejì.

Nígbà tí oòrùn ti ga, Rusminah gba orí afárá pákó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù Mastora ní òdìkejì láti lọ gba àgbọn rírin. Amang Basirun, ìyẹn ẹ̀gbọ́n Basirun, aládùúgbò rẹ̀ tí ilé wọn fara kanra, jókòó síbẹ̀ lórí àga gbọọrọ, sìgá lẹ́nu. Awakọ̀ ojú omi ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọkọ̀ kan tó fi ń kó èrò lọ sọ́jà ni ohun ìní rẹ̀ láyé.

"Báwo lọkọ rẹ?" ni Mastora bi í. "Mo rí i tó kọjá láàárọ̀. Mo kí i, ó wò mí bíi pé mo jẹ ẹ́ lówó."

"Ara rẹ̀ ò lélẹ̀, Acil."

"Ara tí wọ́n gba sìgá lọ́wọ́ ẹ̀, ṣé ó lè lélẹ̀? Ológbò tí wọ́n kó ọmọ ẹ̀ lọ sàn jù ú lọ."

Basirun rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbé ẹ̀rín náà lọ. "Ẹ jẹ́ kó mu ẹyọ kan péré, ilé á rójú. Èmi náà ti fi í sílẹ̀ rí. Láàárín ìrun àìlá àti lásárì ni."

"Ẹ̀yin náà, ẹ wo ẹnu yín," ni Mastora wí. "Ẹ ń mu ún, ẹ ń jù ú. Lọ́jọ́ kan ẹ máa jù ú sórí ẹja tí ń lọ jẹ́jẹ́ ẹ̀."

Basirun fi ìka ta ìdí sìgá náà sínú odò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mastora ń wọn àgbọn lọ́wọ́ nígbà tó dúró, tó ń fi imú fa afẹ́fẹ́. "Ta ló ń sun pàǹtí ní ọ̀sán gangan yìí?"

Rusminah bojú wẹ̀yìn. Èéfín funfun ń yọ lábẹ́ ilé ìdáná tirẹ̀, ó ń gba àárín pákó jáde díẹ̀díẹ̀ bí oru ìrẹsì tó ń hó. Bó ṣe ń wò ó ni ó di dúdú.

"Nini," ló wí.

Kò mọ bóun ṣe kọjá lórí afárá. Ẹnu ọ̀nà iwájú ló gbà wọlé, èéfín sì ti kún inú ilé dé àyà. Nini Ijum ti jókòó lórí ẹní, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ìbòrí ni wọ́n fi bo imú. Ògiri ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn wọn ń ta pàpà. Rusminah kó ọwọ́ sí wọn lábíyá, ó gbìyànjú láti gbé wọn, kò lè gbé wọn. Ó ń fà wọ́n lórí pákó, ẹní ń ká lẹ́sẹ̀ wọn, nígbà tí ẹnìkan tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Amang Basirun ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ìyá arúgbó náà.

"Ẹ gùn mí, Nini. Ẹ ṣe bí ẹni pé ọkọ̀ mi lẹ wọ̀."

"Ọkọ̀ rẹ kò ní dà mí nù?"

"Kò da èèyàn nù rí. Ẹ di ọrùn mi mú."

Ó pọ̀n wọ́n, ó ń hukọ́, Rusminah ń ti ìdí Nini lẹ́yìn, báyìí ni wọ́n ṣe jáde. Bí wọ́n ti dé orí afárá ni ewé òrùlé ilé ìdáná gbiná.

Wọ́n ti fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí kéde iná náà. Àwọn panápaná àdúgbò, àwọn ọmọkùnrin tí kò sẹ́ni tó ń san nǹkan fún wọn, ti gbé ẹ̀rọ wọn dé kí èèyàn tó rò pé wọ́n á dé. Wọ́n ju ẹnu rọ́bà sínú odò, ẹ̀rọ bú ramúramù, rọ́bà wú díẹ̀, ó tún rọ. Omi tó jáde kò ju ìtọ̀ ọmọdé lọ. Ọ̀kan nínú wọn fa ẹnu rọ́bà jáde, ìdọ̀tí sì rọ̀ mọ́ ọn bí irùngbọ̀n: ọ̀rá, koríko odò, òwú ìdí sìgá tó ti wú nínú omi. Ó fi ìka họ ọ́ kúrò, ó jù ú padà, ó tún dí. Odò wà níwájú wọn, iná wà níwájú wọn, méjèèjì ò sì lè bá ara wọn pàdé.

Gbogbo àdúgbò to ara wọn sórí afárá, wọ́n ń na garawa láti ọwọ́ dé ọwọ́. Mastora náà, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, kò sọ ju "gbà, gbà, gbà" lọ. Syahrani ti sáré dé láti ẹnu odò, fìlà ti jábọ́ lórí rẹ̀. Ó rí ìyá rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó fọwọ́ kàn wọ́n lójú, lápá, lẹ́sẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá wọ́n pé, ó wá kó wọ inú iná pẹ̀lú garawa. Ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà bọ́ sínú odò, tó jókòó sínú omi, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì ti ìdọ̀tí kúrò lẹ́nu rọ́bà láìsinmi, ni omi tó wá gba inú rọ́bà jáde dáadáa.

Nígbà tí iná kú, ilé ìdáná ti lọ, ògiri ẹ̀yìn ti lọ, ẹ̀gbẹ́ kan ilé Basirun ti dúdú. Ṣùgbọ́n ilé dúró. Iyàrá dúró. Rusminah jókòó sórí afárá. Ó gbọ́ tí Nini Ijum ń sọ fún ẹnìkan pé, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹ fún mi lómi mu."

Olórí àwọn panápaná sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ ilé, ó fi igi tú eérú wò, ó gòkè padà. Abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni iná ti bẹ̀rẹ̀, ló wí, nínú èèpo àgbọn. Ó jọ pé sìgá ni.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹnìkan, ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn yí sí ibì kan náà. Amang Basirun jókòó sílẹ̀, ó ń hukọ́, èérí èéfín wà lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀ níbi tí Nini fara tì.

"A ò sọ ọ́ ni?" ni Mastora wí. "Lónìí yìí náà ni mo sọ ọ́. Ẹni tó da eérú…" Kò parí rẹ̀.

"Ilé ìdáná ẹni ẹlẹ́ni rèé," ni ọkùnrin kan wí láti ẹ̀yìn. "Ta ló fẹ́ tún un kọ́?"

Basirun wo ọwọ́ rẹ̀. "Ó lè jẹ́ tèmi. Mi ò lè búra pé kì í ṣe tèmi. Èyí tí mo ti jù láti àárọ̀ pọ̀." Ó hukọ́ díẹ̀. "Ọkọ̀ mi wà níbẹ̀ yẹn. Mà á tà á."

Rusminah wo ọkọ rẹ̀. Syahrani dúró ti òpó afárá, garawa òfìfo lọ́wọ́, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Obìnrin náà dúró dè é. Ó mọ̀ pé bí ẹnu ọkọ òun ò bá sọ ọ́, ẹnu òun ló máa sọ ọ́, àti pé bó bá jẹ́ ẹnu òun ni, ilé àwọn á jó lẹ́ẹ̀kejì, èyí tí panápaná ò ní lè pa. Afẹ́fẹ́ fẹ́ eérú kọjá láàárín wọn.

"Abah Laila," ló wí, kò fi ohunkóhun kún un.

Syahrani gbé garawa sílẹ̀.

"Kì í ṣe ti Amang. Èmi ni." Ó tún un sọ. "Èmi ni. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni mo dúró sí láàárọ̀. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ìyàwó mi, mo bá tì í sáàárín pákó. Mo rò pé omi wà níbẹ̀."

Òwe tí Mastora bẹ̀rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó parí rẹ̀ fún un. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ọ̀kan tó ti ki ọwọ́ bọ àpò láti mú sìgá yọ ọwọ́ náà padà lófìfo.

Nini Ijum ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mo ti mọ̀ láti àárọ̀," ni wọ́n wí. "Lórí mi ni èéfín rẹ gbà kọjá."

Syahrani lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó gbé orí lé wọn lórúnkún. Wọn ò lù ú, wọn ò sì kẹ́ ẹ. Wọ́n kàn ń fi ìka họ eérú kúrò nínú irun rẹ̀.

"Ó dáa," ni Basirun wí, ó sì mí kanlẹ̀. "Ó dáa, ó dáa. Mo ti ń ronú ẹni tó máa ra ọkọ̀ yẹn lọ́wọ́ mi, mi ò tíì rí ẹnìkan." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àwọn tí ẹ̀rù ti bà jù. "Ṣùgbọ́n ẹ má yọ mí sílẹ̀ pátápátá. Bó bá jẹ́ tèmi ló bọ́ síbẹ̀, ohun kan náà ni ì bá ṣe."

"Mà á tún ẹ̀gbẹ́ ilé yín kùn, Amang," ni Syahrani wí. " Bí ẹ bá sì fẹ́ kí n búra nípa sìgá níwájú gbogbo ilé—"

"Má búra," ni Nini wí. "O ti kéde rí. Ẹrẹ̀ ni kó o bọ́ sí."

Bó ṣe di ẹni tó ká ṣòkòtò nù un, tó bọ́ sábẹ́ ilé pẹ̀lú ọkọ́ àti apẹ̀rẹ̀. Basirun tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní kó sinmi. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi bọ́ sábẹ́ ilé tiwọn náà, láìsí ẹni tó pè wọ́n, bí ẹni tó kàn fẹ́ wo nǹkan. Títí di ìrun lásárì ni wọ́n fi ń wa ìdọ̀tí náà, wọ́n ń gbé apẹ̀rẹ̀ gòkè sí àwọn obìnrin lórí afárá, nítorí Basirun, tó mọ ìṣe odò, ní omi á tún padà kún dé abẹ́ ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì fẹ́ ṣáájú rẹ̀. Mastora gbé agolo mílíìkì òfìfo sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ra sìgá níbẹ̀, inú agolo ni kó fi ìdí rẹ̀ sí, ẹni tó bá ta á sínú odò, kó máa wá ibòmíì ra ìrẹsì àwìn. Òun náà ló gbé ìrẹsì àti ẹja inú ọbẹ̀ àgbọn wá fún wọn. Rusminah, tí kò tíì rí oúnjẹ ẹlòmíì jẹ láti ọjọ́ tó ti mọ iwájú ààrò, jókòó, ó jẹun, ó sì lá àwo.

Nígbà tó yá, òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé, wọ́n ń fi ọwọ̀ gbá omi dúdú jáde. Ọwọ́ Syahrani ṣáà ń lọ sí àpò rẹ̀ òfìfo.

"Mo gbọ́ òórùn rẹ̀ láàárọ̀," ni Rusminah wí.

Syahrani dá ọwọ́ dúró. "Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Bí mo bá sọ̀rọ̀, ìjà ni. Mo dákẹ́, ó di iná. Ẹ wá sọ èyí tí ǹ bá ṣe."

Syahrani wò ó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú rẹ̀ jáde, ó kọ́kọ́ jọ ikọ́, nígbà tó ṣe ó di ẹ̀rín gidi, ó sì fara ti ògiri. Rusminah náà rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Ó ṣì ń fà mí," ni Syahrani wí nígbà tí ẹ̀rín tán. "Báyìí tí mo dúró yìí, ó ń fà mí."

"Mo mọ̀."

"Bó bá tún fà mí lọ́la ńkọ́?"

"Ẹ pè mí. Ká jọ jà. Ìjà sàn."

Lẹ́yìn ìrun mọ̀gàríbà ni Syahrani àti Basirun gbé Nini Ijum padà wọlé lórí àga. Rusminah tẹ́ ẹní tuntun tí wọ́n yá lọ́wọ́ Mastora. Níbi tí ògiri ẹ̀yìn wà tẹ́lẹ̀, gbayawu ni, odò ló kù lójú, omi tó ti kún dé abẹ́ ilé, àti afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó ń wọlé tààrà. Syahrani bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Ó ní tó bá di àárọ̀, òun á wá pákó, ògiri á padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Nini Ijum gbọ́wọ́ sókè kó dákẹ́. Wọ́n fa èémí kan wọ inú, gígùn, títí dé ìsàlẹ̀. Gbogbo wọn dúró de ikọ́. Ikọ́ ò wá.

"Kí lẹ ń kánjú ṣe?" ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná."